Dúró Ládiípọ̀: Ẹni tó Dá Ìlù Padà sí Ìdí Ọ̀rọ̀

Orúkọ àbíkú ni wọ́n sọ ọ́. Dúródọlá, Dúróṣọmọ, Dúróoríìkẹ́: ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ọmọ tuntun má baà gba ọ̀nà tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ gbà lọ. Ọmọ náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ó dúró. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Dúró Ládiípọ̀, ọmọ Òṣogbo, ẹni tó gbé eré Ọba Kò So kalẹ̀, tó sì ṣe Ṣàngó nínú rẹ̀ títí àwọn ènìyàn fi ń fi orúkọ òrìṣà náà pè é.

Òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé onílù àti olóòṣà Ṣàngó ni ìran wọn ti ṣẹ̀ wá. Onílù ni bàbá àgbà rẹ̀, ogun ló sì lé e kúrò nílé tó fi di ará Òṣogbo. Nínú ilé, orin ìjọ ni ọmọ náà ń gbọ́. Bó bá yọ sí ìgboro, ọdún Ifá, ọdún Egúngún, ọdún Ṣàngó àti Orò ń pè é, kì í sì í kọ̀ láti jẹ́ ìpè wọn. Nígbà tó dàgbà, ó di olùkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin fún ìjọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin ìjọ nígbà náà, ohùn òkèèrè ni, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n kàn tò sí i lára. Èdè Yorùbá kì í gba irú èyí láìfarapa. Ọkọ tí í ṣe olórí ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Bí orin bá gun òkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyẹn. Ìlù dùndún kì í ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, nígbà tí Ládiípọ̀ kọ orin Àjíǹde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó gbé ìlù ìbílẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo. Awuyewuye ńlá bẹ́ sílẹ̀. Lójú àwọn tó takò ó, ìlù òrìṣà kò ní ohunkóhun í ṣe nínú ilé Ọlọ́run. Fún ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bó bá ju ìlù sílẹ̀, àyè rẹ̀ nínú ìjọ ò ní yẹ̀. Ládiípọ̀ kò ju ìlù sílẹ̀. Ó wá ibòmíràn tí ìlù yóò ti lè sọ̀rọ̀.

Ìbàdàn ló ti rí àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni mbari; òun ni ilé tí wọ́n ń fi amọ̀ kọ́, tí wọ́n sì ń kó ère kún, ní ìbọláfún òrìṣà ilẹ̀. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, Ládiípọ̀ dá irú ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Òṣogbo. Àwọn ará ìlú yí orúkọ náà sí èdè tiwọn: Mbárí Mbáyọ̀, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i, eré Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n sì fi ṣí i: ìtàn Aláàfin Abípa, tí àwọn ìjòyè rẹ̀ fẹ́ fi iwin ẹ̀tàn dẹ́rù bà kó má baà kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé.

Ọdún kejì ni Ọba Kò So dé. Nínú eré yìí ni ọ̀nà Ládiípọ̀ ti hàn kedere. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèré mìíràn ń lo fèrè àti ìlù òyìnbó. Òun fi bàtá àti dùndún rọ́pò wọn. Kò sì fi ìlù, ijó àti oríkì ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Olúkúlùkù ló fún ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìtàn. Oríkì ni wọ́n fi ń gbé ọba ga, bàtá ni ọba fi ń jó ìjó agbára rẹ̀. Nígbà tí Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà Iná àti Gbọ̀ọ́nkáà kojú ara wọn, ọfọ̀ ni ohun ìjà wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni Gbọ̀ọ́nkáà fi kun Tìmì lóorun. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan kúrò, ìtàn náà yóò dúró gbọin láìlè tẹ̀ síwájú.

Orúkọ eré náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdáhùn. Àwọn ọ̀tá Ṣàngó ní ọba pokùnso. Àwọn olùfọkànsìn rẹ̀ ní ọba kò so. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ yìí fi ọ̀rọ̀ àwọn olùfọkànsìn ṣe àkọlé, ó sì fi parí eré rẹ̀.

Mbárí Mbáyọ̀ kò mọ sí eré nìkan. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí Denis Williams àti Georgina Beier ṣe níbẹ̀, àwọn òṣèré Ládiípọ̀ di ayàwòrán. Oníjó ni Twins Seven-Seven nígbà tó kọ́kọ́ dé. Jímọ̀ Buraimoh ló ń bójú tó iná orí ìtàgé. Mùráínà Oyèlámì, Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí wà lára àwọn òṣèré. Ohun tí ẹsẹ̀ wọn mọ̀ lórí ìtàgé ni ọwọ́ wọn wá yà sórí bébà àti aṣọ.

Ládiípọ̀ tún ṣe Ọba Wàjà ní 1964, lẹ́yìn náà ó ṣe Mọremí àti Ẹ̀dá. Ó gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, àti sí Amẹ́ríkà ní 1975. Èdè Yorùbá kan náà ni wọ́n sọ níbẹ̀, ìlù kan náà ni wọ́n lù.

Òótọ́ ni pé orí ìtàgé kì í ṣe ojúbọ, eré kì í sì í ṣe ẹbọ. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí wọ́n ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ pé ọ̀rọ̀ òrìṣà jẹ́ ohun ìtìjú, Ládiípọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní gbangba, lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ. Ẹni tó bá wo ọdún Ifá dáadáa yóò mọ ibi tó ti rí ọgbọ́n náà: níbi tí iyẹ̀rẹ̀, ìlù, ijó àti aṣọ ti ń jáde pọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì yà wọ́n nípá.

Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1978. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré kí Mbárí Mbáyọ̀ pé ọdún 16. Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe Ọya nínú eré náà, kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà túká. Bàtá sì ń dún lọ.