Fẹlá àti Fèrè Saxophone

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí a bá dé ẹnu ààfin Zaria lọ́jọ́ ọdún Iléyá, àwọn afun-algaita àti àwọn afunkàkàkí ni yóò pàdé wa. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí ojú ibi tí ẹni tó sọ saxophone di ohun ìjà sùn sí, kó wọ ọkọ̀ Èkó, kó béèrè òpópónà Gbémisọ́lá ní Ìkẹjà. Fẹlá Aníkúlápò Kútì ni à ń wí.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1938. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n ní kó lọ kọ́ ní London ní 1958; orin ló lọ kọ́. Trumpet ló kọ́kọ́ ń fun. Ní 1973, Igo Chico tó ń bá a fun saxophone fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Fẹlá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ gbé fèrè náà, ó sì kọ́ ọ láàárín àkókò kúkúrú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n fun jù ú lọ pọ̀ láyé, àwa náà gbà, ṣùgbọ́n fèrè ta ló dun ìjọba tó bẹ́ẹ̀?

Ní 18 oṣù kejì 1977, àwọn sójà dáná sun Kalakuta, ilé rẹ̀, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà kú ní 1978. Fẹlá kò ju fèrè sílẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tó wà láti 1984 sí 1986 kò pa á lẹ́nu mọ́.

Ó kú ní 2 oṣù kẹjọ 1997. Ilé tó gbé kẹ́yìn di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 2012. Ibojì rẹ̀ wà lójúde. Aṣọ, bàtà àti iyàrá rẹ̀ wà nínú.