Ambrogio Lorenzetti

Ambrogio Lorenzetti (nǹkan bí ọdún 1290 – 1348) jẹ́ ayàwòrán ọmọ ìlú Siena ní ilẹ̀ Itálíà. Iṣẹ́ rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni àwọn àwòrán nípa ìjọba rere àti ìjọba búburú, èyí tí ó yà sára ògiri Palazzo Pubblico, gbọ̀ngàn ìlú Siena, láàárín ọdún 1338 sí 1339.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Ayàwòrán ni Pietro Lorenzetti, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú. Nínú àwọn iṣẹ́ Ambrogio tí a mọ ọdún wọn, èyí tí ó ṣáájú ni àwòrán Màríà Wúńdíá àti Ọmọ rẹ̀ ti ọdún 1319, tí ó wá láti Vico l'Abate nítòsí Florence. Ó ṣiṣẹ́ ní Florence fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 1335, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà jọ yàwòrán sí iwájú ilé ìwòsàn Santa Maria della Scala ní Siena, ṣùgbọ́n àwòrán náà ti parẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú

Ọdún 1297 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ gbọ̀ngàn náà. Ìjọba Siena nígbà náà wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ oníṣòwò. Oṣù méjì péré ni wọ́n ń lò lórí oyè, inú gbọ̀ngàn náà ni wọ́n sì ń gbé títí àkókò wọn yóò fi pé. Ní ọdún 1315, Simone Martini ti ya Màríà lórí ìtẹ́ sínú gbọ̀ngàn ńlá ilé náà. Fún yàrá ìpàdé àwọn mẹ́sàn-án, ohun mìíràn ni wọ́n gbé lé Ambrogio lọ́wọ́: ohun tí ìṣèjọba ń sọ ìlú dà.

Ògiri mẹ́ta ni ó yàwòrán sí. Lára ti àríwá, àgbà ọkùnrin kan jókòó nínú aṣọ dúdú àti funfun, àwọ̀ ìlú Siena. Òun ni àmì ire gbogbo ìlú. Okùn kan sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ìdájọ́ Òdodo dé ọwọ́ Ìṣọ̀kan, ẹni tí ó gbé irinṣẹ́ tí káfíńtà fi ń fá pákó lé itan. Àwọn ará ìlú mẹ́rìnlélógún di okùn náà mú, wọ́n sì tò lọ sọ́dọ̀ àgbà náà. Àlàáfíà rọ̀gbọ̀kú nínú aṣọ funfun lórí ìhámọ́ra ogun.

Lára ògiri ìlà-oòrùn, àwọn ènìyàn ń jó ní ìgboro, olùkọ́ ń kọ́ni, bíríkìlà ń kọ́lé, àgbẹ̀ ń kórè lẹ́yìn odi, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ní ìwọ̀-oòrùn, aninilára oníwo jókòó, wọ́n sì de Ìdájọ́ Òdodo mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn ilé ti wó, àwọn ológun ń fipá mú obìnrin, oko sì ti di ahoro. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró ni alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ohun ìjà. Bí àwọn mẹ́sàn-án bá jókòó láti pàṣẹ, èrè àṣẹ rere àti ti àṣẹ búburú ni ó yí wọn ká.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Ní ọdún 1344, ó parí àwòrán bí áńgẹ́lì ṣe kéde fún Màríà, èyí tí ilé iṣẹ́ owó orí Siena gbé fún un. Ní ọdún 1345, ó ya àwòrán ayé tí a lè yí po fún gbọ̀ngàn ńlá. Ó ti sọnù, ṣùgbọ́n àmì yíyí rẹ̀ ṣì hàn lára ògiri. Ní ọdún 1347, ó sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìlú, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 1348, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa ìlú run, ó ṣe ìwé ìhágún rẹ̀. A gbà pé àrùn náà ni ó pa á, àti Pietro pẹ̀lú.

Ìjọba àwọn mẹ́sàn-án ṣubú ní ọdún 1355, ṣùgbọ́n àwòrán náà kù. Ilé ìjọba ìlú ni Palazzo Pubblico títí di òní, apá kan rẹ̀ sì ti di mùsíọ́ọ̀mù. Ògiri ìjọba búburú ni ó bàjẹ́ jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.