Roy Lichtenstein: Ọkùnrin tó sọ àwòrán kọ́míìkì di ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là

Lọ́dún 1964, ìwé ìròyìn Life nílẹ̀ Amẹ́ríkà béèrè bóyá Roy Lichtenstein ni ayàwòrán tó burú jù lọ lórílẹ̀-èdè náà. Ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pé ẹni ogójì ọdún nígbà náà.

Ìlú New York ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 27, oṣù kẹwàá, ọdún 1923. Ó kàwé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, ó ṣe ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn náà ló di olùkọ́. Ó ti ń yàwòrán tipẹ́, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ kò kàn.

Ọdún 1961 ni nǹkan yí padà. Ó mú àwòrán Mickey Mouse àti Donald Duck láti inú ìwé ọmọdé, ó sì yà á gàgàrà. Pẹ́pẹ́yẹ náà ń pẹja, ó rò pé òun ti kó ẹja ńlá, kò mọ̀ pé ẹ̀wù òun fúnra rẹ̀ ni ìwọ̀ kọ́. Ẹ̀fẹ̀ lásán, àbí? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Leo Castelli pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní New York, wọ́n sì ti rà á tán kí ìpàtẹ náà tó bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é rèé: yóò kọ́kọ́ ya àwòrán kékeré láti inú kọ́míìkì, yóò yọ èyí tí kò wù ú kúrò, yóò fi ẹ̀rọ tàn án sára kánfáàsì, yóò sì tọ ipa rẹ̀. Àwọn àmì róbótó wẹẹrẹ tí àwọn atẹ̀wé fi ń dọ́gbọ́n sí àwọ̀ nínú ìwé olówó pọ́ọ́kú, òun fi ọwọ́ kùn ún ní ńláńlá. Whaam! tó yà lọ́dún 1963 fẹ̀ tó mítà mẹ́rin. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Tate ní London rà á lọ́dún 1966.

Ṣùgbọ́n Irv Novick ló ya ọkọ̀ òfuurufú tí Whaam! ti jáde, nínú kọ́míìkì ogun kan lọ́dún 1962. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára iṣẹ́ náà. Lójú tiwa, Lichtenstein kò kàn ṣe àdàkọ. Ó tún àwòrán wọ̀nyẹn tò gan-an. Síbẹ̀, kí ló ní kó má dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ yà á?

Àrùn òtútù àyà ló pa á lọ́jọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1997, lẹ́ni ọdún 73. Lọ́dún 2017, wọ́n ta àwòrán rẹ̀, Masterpiece, ní mílíọ̀nù 165 dọ́là. Russ Heath, ẹni tí òun náà ya irú kọ́míìkì ogun bẹ́ẹ̀, tí Lichtenstein sì mú àwòrán rẹ̀ ṣe Blam, ti fi kọ́míìkì kan sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ lọ́dún 2014. Ó kú lọ́dún 2018.