Barbara McClintock àti Àgbàdo Rẹ̀

Ta ni nínú wa tí kò tíì ṣí háhá kúrò lára àgbàdo rí, tí ó bá hóró pupa, funfun àti dúdú lórí ṣùkù kan ṣoṣo? Jíjẹ ni àwa ń jẹ ẹ́, a kì í bi í léèrè. Obìnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí bi í léèrè títí ó fi di arúgbó.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà, ọdún 1902, ni a bí Barbara McClintock ní ìlú Hartford, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nítorí ó ń bẹ̀rù pé kò ní rí ọkọ fẹ́. Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ gbè é lẹ́yìn, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Cornell ní ọdún 1927. Ní ìparí ọdún 1941 ó dé Cold Spring Harbor, ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí Ilé-Iṣẹ́ Carnegie ti ní ibùdó ìwádìí. Níbẹ̀ ni ó ń gbin àgbàdo rẹ̀, tí ó sì ń fi awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní àkókò náà, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé àwọn ohun àjogúnbá tí í pinnu ìrísí ohun alààyè a máa wà lójú kan, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. McClintock rí i pé òmíràn a máa ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí ààrin èyí tí í mú àwọ̀ wá, hóró a pàdánù àwọ̀ rẹ̀. Bí ó bá tún ṣí kúrò níbẹ̀, àwọ̀ a padà, àmì kéékèèké a sì hàn lára hóró náà. Ó ṣàlàyé èyí fún àpéjọ àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1951, ṣùgbọ́n kò yé ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn kò sì gbà á gbọ́. Ó dín ìwé tí ó ń tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ kù. Kò dín iṣẹ́ kù.

Ní ọdún 1967 ó pé ẹni ọdún 65, ìfẹ̀yìntì sì dé. Àṣà ayé ni kí a fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀bùn, kí a sì dágbére fún un. Ilé-Iṣẹ́ Carnegie ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n fi í sí ipò ọlá kan tí ó fún un ní àyè láti máa bá ìwádìí rẹ̀ lọ ní Cold Spring Harbor. Ẹ kíyè sí i pé ní ọjọ́ náà, ayé kò tíì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlòmíràn rí irú ìṣípòpadà yìí nínú àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí. Ní ọdún 1983, nígbà tí ó di ẹni ọdún 81, òun nìkan ni a fún ní Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1992, ní ẹni 90 ọdún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tí ó sọ ohun tí kò yé wa nínú kíláàsì lè má ṣìnà. Àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lè má tíì parí iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra, kí a má ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.