Herbert Macaulay, Awọnlẹ̀ tí ó Gbèjà Ilẹ̀

Ní ọjọ́ kan, mo kó àwọn ọmọ wa tí mo ń kọ́ ní ìṣirò jáde lọ sí etí oko ìrẹsì ní Kirkissoye, lẹ́bàá Odò Ọya ní ìlú Niamey. A mú okùn kan, a pín in sí ọ̀nà 12 ọgbọọgba, a so orí rẹ̀ mọ́ ìdí, a sì fi èèkàn mẹ́ta nà án: apá kan gba ọ̀nà 3, èkejì gba 4, ẹ̀kẹta gba 5. Igun tí ó wà láàrin 3 àti 4 sì gún régé bí igun ilé. Ọmọ kan bi mí léèrè ohun tí igun yìí yóò ṣe fún òun láyé. Ìtàn ọkùnrin yìí ni mo fi dá a lóhùn.

A bí Herbert Macaulay ní Èkó ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1881 ó di akọ̀wé Ìjọba, ó sì ń ya àwòrán ilẹ̀. Ní ọdún 1890 Ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1893, ó di awọnlẹ̀ Ìjọba ní Èkó. Ní ọdún 1898 ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì ń wọn ilẹ̀ fún ará ìlú.

Ṣéènì awọnlẹ̀ ìgbà náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 66. Ẹni tí ó bá ti fà á káàkiri inú oko mọ̀ pé ilà orí ìwé kì í ṣe eré: bí ó bá yẹ̀, ogún bàbá ẹnìkan ti bọ́ nìyẹn.

Ìmọ̀ yìí bá a dé inú ẹjọ́ ńlá. Ìjọba ti gba ilẹ̀ Apapa, Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 1920 Macaulay bá Olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1921 ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ dájọ́ pé ti ará ìlú ni ilẹ̀ náà, àti pé Ìjọba gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní ọdún 1923. Ó ṣẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ títí tí ó fi kú ní Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1946.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí ìṣirò wa kú sí ara pátákó. Ẹ mú okùn àti èèkàn, kí ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ẹni tí kò mọ ààlà ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kí ni yóò fi gbà á padà?