Bessie Smith: Alárìnjó Tí Ó Ní Kóòṣì Ojú Irin Tirẹ̀

Bí a bá dárúkọ Bessie Smith, ohùn rẹ̀ nínú àwo orin blues ni ọ̀pọ̀ ń rántí. Wọn kì í rántí pé kí àwo tó dé, abẹ́ àgọ́ ni ó ti kọ́ṣẹ́, ojú ọ̀nà ni ó sì ti ń jẹun. Alárìnjó ni obìnrin yìí. Iṣẹ́ alárìnjó rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìlú Chattanooga ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí. 15 April 1894 ni ọjọ́ ìbí tí ó kọ sínú ìwé nígbà tí ó fẹ́ ṣègbéyàwó. Bàbá rẹ̀ tètè kú, ìyá rẹ̀ náà tẹ̀ lé e kí ọmọ tó dàgbà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ń jẹ́ Viola ni ó sì tọ́ ọ. Nítorí àtijẹ, Bessie àti arákùnrin rẹ̀ Andrew mú eré lọ sí òpópónà: Andrew ń ta gìtá, Bessie ń kọrin, ó ń jó, àwọn tí ń kọjá ń ju owó wẹ́wẹ́ sílẹ̀.

Ní 1912, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mìíràn, Clarence, mú un wọ ẹgbẹ́ Moses Stokes tí òun náà wà. Kì í ṣe pé wọ́n gbà á láti kọrin o. Ijó ni wọ́n ní kí ó máa jó, nítorí Ma Rainey, ìyá àwọn olórin blues, ti wà níbẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé Ma Rainey ni ó jí i gbé kúrò nílé. Irọ́ ni.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Nígbà ooru, wọn a kó àgọ́ lọ sí àwọn ìlú kéékèèké ìhà gúúsù. Bí wọ́n bá dé, wọn a fi ìlù àti fèrè yíká ìlú kí aráàlú lè mọ̀ pé eré dé. Wọn a kan èèkàn, wọn a ta àgọ́, eré di alẹ́. Nígbà òtútù, wọn a kọjá sínú àwọn tíátà tí ẹgbẹ́ T.O.B.A. ń darí fún àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú. Owó ibẹ̀ kéré, òṣèré ni ó sì sábà máa ń san owó ọkọ̀ ara rẹ̀ láti ìlú dé ìlú.

Ní February 1923 ni Bessie gba ohùn sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Columbia. Wọ́n ní àwo àkọ́kọ́ náà, Downhearted Blues, tà tó 780,000 kí oṣù mẹ́fà tó pé. Dọ́là 125 ni wọ́n san fún un lórí orin kan, kò sì ní ìpín kankan nínú èyí tí ó tà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò! Ìdí nìyẹn tí kò fi lè fi ọ̀nà sílẹ̀: orí ìtàgé ni owó rẹ̀ gidi wà. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn tán, ó ń gbà tó dọ́là 2,000 lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni yóò ti san owó gbogbo ẹgbẹ́.

Owó kò sì sọ pé kí hótẹ́ẹ̀lì gbà á. Òfin àti àṣà gúúsù kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú sùn síbi tí aláwọ̀ funfun ń sùn. Olókìkí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wá wò lálẹ́ lè máa wá ibùsùn kiri lẹ́yìn eré. Ní 1925, Bessie ra kóòṣì ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ́ńjìnì. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 78. Yàrá wà nínú rẹ̀, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ náà wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń kó àgọ́ àti èèkàn sí. Àwọn kan ka èyí sí fàájì olówó. Èmi kò kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ni ó gbé ilé tirẹ̀ dání.

Ní July 1927, ní Concord, ìpínlẹ̀ North Carolina, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ku Klux Klan yọ́ wá sídìí àgọ́ nígbà tí eré ń lọ, wọ́n da aṣọ funfun borí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa èèkàn tu kí àgọ́ lè wó lu àwọn ènìyàn. Ìbátan ọkọ rẹ̀ kan tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ni ó ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bessie pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin. Bí wọ́n ti rí aṣọ funfun, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Òun nìkan ló kù. Ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ju ìkúùkù sí wọn, ó sì rọ̀jò èébú lé wọn lórí. Wọ́n dúró wò ó bí ẹni tí iyè rẹ̀ ra, wọ́n sì pòórá sínú òkùnkùn. Ó padà sínú àgọ́, ó ń bá orin rẹ̀ lọ.

Rédíò, sinimá tí ń sọ̀rọ̀ àti ọ̀wọ́n owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 ba ọjà àwọn alárìnjó jẹ́. Columbia fi í sílẹ̀ ní 1931. Bessie kò jókòó sílé. Ó ń rìn.

Ojú ọ̀nà náà ni ikú bá a. Ní òru 26 September 1937, ọkọ̀ tí Richard Morgan ń wà forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù kan nítòsí Clarksdale, Mississippi. Ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ilé ìwòsàn aláwọ̀ funfun lé e títí ẹ̀jẹ̀ fi tán lára rẹ̀, àwọn kan sì gbà á gbọ́ títí di òní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà aláwọ̀ funfun kan tí ń kọjá tọ́jú rẹ̀ lójú títì, ilé ìwòsàn àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì gbé e lọ tààrà. Wọ́n gé apá rẹ̀ kan, ó kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ rò ó láti gbé e lọ sí èkejì?

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó sin ín ní Philadelphia, síbẹ̀ ọdún 33 kọjá kí ibojì rẹ̀ tó ní òkúta. Ní August 1970, olórin Janis Joplin àti Juanita Green dá owó òkúta náà. Green ti jẹ́ ọmọdébìnrin tí ń fọ ilẹ̀ ilé ìdáná Bessie.