Edward Wilmot Blyden: Ẹni tí Ó Kọ́ Èdè Hébérù Nítorí Ègún Nóà

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹsẹ díẹ̀ nínú orí kẹsàn-án ìwé Jẹ́nẹ́sísì di ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ènìyàn ṣòwò. Wọ́n ní Nóà gégùn-ún fún Hámù ọmọ rẹ̀, wọ́n ní Hámù yìí ni baba ńlá gbogbo aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì wá fi parí rẹ̀ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó yan oko ẹrú mọ́ wọn. Lórí àga ìwàásù ni wọ́n ti ń sọ ọ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn ni kò rí èsì fọ̀, nítorí pé àwọn tí ń ka ìwé náà sí wọn létí ni ó mọ èdè tí a fi kọ ọ́. Edward Wilmot Blyden pinnu pé òun náà yóò mọ èdè náà.

A bí Blyden ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1832, ní ìlú Charlotte Amalie ní erékùṣù St. Thomas, ní agbègbè Caribbean. Abẹ́ ìjọba Denmark ni erékùṣù náà wà nígbà náà, oko ẹrú kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọlúwàbí tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni ni Romeo bàbá rẹ̀ àti Judith ìyá rẹ̀. Aránṣọ ni bàbá, olùkọ́ ni ìyá. Àwọn Júù pọ̀ ní àdúgbò tí ó gbé dàgbà. Nígbà tí ó di àgbà, ó kọ ọ́ sínú ìwé bí òun àti àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ òun ṣe máa ń dúró nítòsí sínágọ́gù ní Ọjọ́ Ètùtù, tí wọn yóò máa fi ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ wo àwọn tí ń gbààwẹ̀ nínú ilé náà. Òfin tí Léfítíkù fi lélẹ̀ nípa ọjọ́ náà kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán lójú rẹ̀. Ó ti rí àwọn ènìyàn tí ń pa á mọ́.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ń jẹ́ John Knox ni ó rí i pé orí ọmọ náà pé, tí ó sì ní kí ó lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà. Blyden dé ibẹ̀ ní ọdún 1850. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa Ọlọ́run tí ó wà ní Rutgers kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn tí ó tọ̀ lọ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó mú kí ó rọrùn láti mú ẹrú tí ó bá sá, nítorí náà ọkàn aláwọ̀ dúdú tí ó ní òmìnira pàápàá kò balẹ̀. Blyden wọkọ̀ ojú omi, ó sì gúnlẹ̀ sí Monróvíà ní Làìbéríà ní oṣù kìíní ọdún 1851. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Ilé ẹ̀kọ́ Alexander ni ó ti bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ ní Monróvíà. Ó kọ́ Látìnì àti Gíríìkì níbẹ̀. Hébérù ní tirẹ̀, àkókò tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni ó fi ń kọ́ ọ, kí ó lè ka àwọn ibi tí Májẹ̀mú Láéláé ti mẹ́nu kan àwọn ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1857, ó gbé ìwé kan jáde láti fi gbèjà ìran rẹ̀, ó sì dojú kọ ọ̀rọ̀ ègún náà níbẹ̀. Àlàyé rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Kénánì ni Nóà gégùn-ún fún, kì í ṣe Hámù. Ọmọ mẹ́rin ni Hámù bí: Kúṣì, Mísíráímù, Pútì àti Kénánì. Ọ̀dọ̀ Kúṣì ni àwọn ará Etiópíà ti ṣẹ̀, Mísíráímù sì ni orúkọ tí àwọn Hébérù ń pe Íjíbítì. Àwọn ọmọ Kénánì ní tiwọn, ilẹ̀ Palẹ́sítínì ni wọ́n ń gbé, àwọn ni Ísírẹ́lì sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Báwo wá ni ègún Kénánì ṣe di ti ọmọ Kúṣì? Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí Bíbélì Yorùbá lónìí yóò rí i pé orúkọ Kénánì ni ó wà nínú ẹsẹ náà. Ṣùgbọ́n ní 1857, apá díẹ̀ péré nínú Bíbélì ni Àjàyí Crowther ti tú sí Yorùbá. Ọdún 1884 ni odindi rẹ̀ tó jáde.

Wọ́n fi Blyden joyè àlùfáà ìjọ Presbyterian ní ọdún 1858, ó sì di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ Alexander. Nígbà tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Làìbéríà bẹ̀rẹ̀ ní 1862, ó wà lára àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ àkọ́kọ́, Gíríìkì àti Látìnì ni ó sì ń kọ́ni. Ó tún ṣe iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbà fún orílẹ̀-èdè náà fún ọdún méjì. Ní 1866, ó rin ìrìn àjò lọ sí Íjíbítì, Lẹ́bánónì àti Jerúsálẹ́mù, kí èdè Lárúbáwá lè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gbẹ́ orúkọ Làìbéríà sára òkúta aboji ńlá àwọn Fáráò, nítorí ó gbà pé ọmọ Hámù tí wọ́n ní ó wà lábẹ́ ègún ni ó kọ́ ọ. Nígbà tí ó padà dé, ó fi èdè Lárúbáwá kún ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ń kọ́ni.

Òṣèlú Monróvíà lé e kúrò nílùú ní 1871, ó sì sá lọ sí Freetown. Ó tún padà, ó sì gba ipò ààrẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ mọ ọ̀rọ̀ tí ó sọ nígbà tí wọ́n fi í jẹ ààrẹ náà ní oṣù kìíní ọdún 1881. Ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ka ìwé Gíríìkì àti Látìnì àtijọ́, Bíbélì, ìṣirò, Lárúbáwá àti àwọn èdè Áfíríkà. Ohun tí ó fẹ́ dín kù ni ìwé àwọn òyìnbó ti ayé òwò ẹrú, nítorí pé inú wọn ni ẹ̀gàn fún aláwọ̀ dúdú ti gbilẹ̀, ọmọ tí ó bá sì ń mu ún lójoojúmọ́ kò ní ka ara rẹ̀ sí ènìyàn mọ́. Àwọn tí ó kọ̀wé ṣáájú ayé òwò ẹrú kò ní ìdí láti gan Áfíríkà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àbá yìí le díẹ̀, nítorí ẹni tí kò ka ìwé ọ̀tá rẹ̀ kò lè dá a lóhùn, Blyden fúnra rẹ̀ sì ti kà wọ́n tán kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ní 1882, ó sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà lórí Fílípì àti ìwẹ̀fà ará Etiópíà tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹjọ. Ó ṣe é ṣe kí ó jẹ́ èyí tí ó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìjọ àkọ́kọ́. Ìjòyè Kándákè ayaba ti lọ jọ́sìn ní Jerúsálẹ́mù, ó ń ka Àìsáyà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, Fílípì sì là á yé e, ó rì í bọmi. Lẹ́yìn náà, Ẹ̀mí gbé Fílípì lọ. Ibi tí àwọn oníwàásù ń kánjú kọjá yìí ni Blyden dúró sí: Fílípì kò bá ìwẹ̀fà dé ilé. Òun nìkan ni ó mú ìròyìn náà lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀, tayọ̀tayọ̀ ni ó sì fi ń lọ. Ohun tí Blyden rí nínú ìtàn yìí ni pé ọmọ Áfíríkà ni yóò gbin ìgbàgbọ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà, láìsí àlejò tí yóò máa ṣọ́ ọ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù, èyí tí ó kọ lórí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì, Ìsìláàmù àti ìran dúdú, tí ó jáde ní 1887. Ọdún kan ṣáájú ni ó ti kọ̀wé fi ìjọ Presbyterian sílẹ̀.

Èkó ni ọ̀rọ̀ náà ti so èso. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1891, Blyden bá àwọn ará Èkó sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Breadfruit lórí ìpadàbọ̀ àwọn ìgbèkùn àti ìjọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọgbẹ́ àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ṣì tutù: ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere ti fi Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wọ́lẹ̀ lórí iṣẹ́ ìhìnrere odò Ọya. Blyden rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní ìjọ tiwọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni àwọn kan nínú wọn dá United Native African Church sílẹ̀. James Johnson tí wọ́n fojú sọ́nà fún kò bá wọn lọ. Àwọn òpìtàn gbà pé ọ̀rọ̀ Blyden wà lára ohun tí ó ki wọ́n láyà. Ọ̀rọ̀ ìyàwó púpọ̀ wà lára ohun tí ó fa àríyànjiyàn. Àpérò Lambeth ti ọdún 1888 ti ní kí a má ṣe rì olóbìnrin púpọ̀ bọmi, bẹ́ẹ̀ òfin Mósè tí ó wà nínú Bíbélì kan náà ń ṣètò ogún àwọn ọmọ orogún. Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kọjá ní Awóyáyà lónìí, tí ó rí ilé ìjọsìn tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí dá sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, lè má mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń bá Èkó jà lé lórí nígbà náà nìyẹn.

Blyden tún padà wá sí Èkó. Ó wà níbi ìṣílé mọ́ṣáláṣí Shitta Bey ní 1894, ó sì ṣiṣẹ́ fún ìjọba níbẹ̀ láàárín 1896 sí 1897. Ní 1898, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ọ̀rọ̀ àwọn Júù, níbi tí ó ti yin àwọn tí ń wá ọ̀nà láti padà sí ilẹ̀ baba wọn. Ó fi ìyà tí wọ́n jẹ ní ìgbèkùn wé ti ìran tirẹ̀.

Kò ṣe é gbójú fò pé ó ní àléébù. Ó kórìíra àwọn tí òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú jọ bí, ìkórìíra náà sì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ní Làìbéríà. Ó tún gba ìjọba amúnisìn láàyè, nítorí ó rò pé wọn kò ní pẹ́ lọ. Ẹni tí ó ja òyìnbó lórí ẹsẹ kan nínú Jẹ́nẹ́sísì kò bá wọn jà lórí ilẹ̀.

Láti 1901 sí 1906, ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí ní Sàró. Ó kú ní Freetown ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 1912. Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n fi sin ín, ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí ni ó gbé pósí rẹ̀.